Màmá mi já oògùn ṣúgà sílẹ̀ torí fídíò WhatsApp. Ṣé ká gba fóònù lọ́wọ́ wọn ni?

ỌmọYàbá_Oǹdó (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ káalẹ́ o gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí n wá tú u sílẹ̀ síbí torí mo mọ̀ pé ẹ pọ̀ níbí tẹ́ ẹ ní òbí tó ń bá ṣúgà tàbí bípí yí.

Àkúrẹ́ ni èmi ń gbé, ọ̀nà Ọ̀dà. Màmá mi wà nílé ní Oǹdó, ẹni ọdún 67 ni wọ́n, ìtọ̀ ṣúgà ti wà lára wọn láti 2016. Metformin ni wọ́n ń lò pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, gbogbo ẹ̀ ń lọ déédéé, kódà àwọn ló máa ń bá mi jà tí owó oògùn bá pẹ́. Ó wá di pé tí mo bá pè wọ́n ohùn wọn kàn ń wálẹ̀ ni, wọ́n ní ó rẹ àwọn, òùngbẹ ń gbẹ àwọn, àwọn ò rí oorun sùn lóru torí ìtọ̀. Èmi rò pé oòrùn ni, ẹ ṣáà mọ bí oòrùn ṣe mú lásìkò yìí. Àfi bí àbúrò mi ṣe pè mí láàárọ̀ Sátidé pé màmá ò dá èèyàn mọ̀ mọ́. Nígbà tá a gbé wọn dé ọsibítù máṣìnnì ò ka nọ́ńbà kankan, "HI" ló kọ, ìyẹn ni pé ṣúgà náà ti ga ju ohun tí máṣìnnì lè kà lọ. Ọjọ́ mẹ́jọ la lò níbẹ̀ lórí dírípù àti ínsúlíìnì.

Ìgbà tójú wọn là ni wọ́n tó jẹ́wọ́. Ó ti lé ní oṣù kan tí wọ́n ti já metformin sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ wọn kan lọ́jà ló fi wọ́n sí gúrúùpù WhatsApp kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí fídíò ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun dókítà, Yorùbá ẹ̀ já gaara, ó ní metformin ló ń ba kíndìnrín jẹ́, ó ní ṣe ni wọ́n fẹ́ ká máa mu ún títí ikú, pé kéèyàn mu omi ewé tòun fún ọjọ́ 21 kó sì ko gbogbo oògùn òyìnbó dànù. Màmá rà á. Owó oògùn tí mò ń fi ránṣẹ́ ni wọ́n fi rà á o!

Ibi tó wá dà mí láàmú rèé. Fóònù yìí kan náà ló kọ́ wọn pé kí wọ́n máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn wò lálaalẹ́ kí wọ́n má sì máa rìn ní ẹsẹ̀ òfìfo. Obìnrin kan lórí Facebook ni wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀, lédè Yorùbá. Lọ́dún tó kọjá wọ́n rí egbò kékeré kan lábẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ tí kò tiẹ̀ dùn wọ́n rárá, torí pé wọ́n tètè rí i la ṣe tètè tọ́jú ẹ̀. Bàbá ọ̀rẹ́ mi tí ò mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n gé ẹsẹ̀ ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká gba fóònù náà ká ra pálásà fún wọn kí wọ́n máa fi pe èèyàn, ó parí. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá_Ìbejì_Ìjàpọ̀

Ẹ kú ewu o, ẹ kú ìrójú, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́.

Ẹ má gba fóònù. A gba ti bàbá wa. Ọ̀sẹ̀ kẹta wọ́n wọ bọ́ọ̀sì láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó, ẹni tó ń ta oògùn nínú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwàásù kí wọ́n tó jáde ní gáréèjì, wọ́n ra oògùn ara ríro, oògùn ojú, oògùn jẹ̀díjẹ̀dí, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí WhatsApp tó dé ni wọ́n ti ń ta á nínú bọ́ọ̀sì.

Oníkẹ́mísì_Alágbàka

Fámásísìtì ni mí, ẹ jẹ́ n tú ọ̀rọ̀ kíndìnrín yẹn torí kò sí ọ̀sẹ̀ kan tẹ́nìkan ò ní bi mí ní ṣọ́ọ̀bù.

Metformin kì í ba kíndìnrín jẹ́. Ṣúgà tó ga fún ọdún gbọọrọ ló ń bà á jẹ́, òun àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ibi tí irọ́ náà ti rí ẹsẹ̀ fi rìn rèé: kíndìnrín ló ń sẹ́ metformin jáde kúrò lára, tí kíndìnrín bá ti wá ń daṣẹ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀, oògùn náà á máa pọ̀ jọ sínú ẹ̀jẹ̀, torí ẹ̀ ni dókítà á ṣe dín in kù tàbí kó ní kéèyàn má lò ó mọ́. Aládùúgbò á wá gbọ́ pé wọ́n ti gba metformin lọ́wọ́ Ìyá Lágbájá, á tún gbọ́ pé kíndìnrín ń ṣe Ìyá Lágbájá, á so méjèèjì pọ̀. Ó dà bíi kéèyàn bá panápaná níbi tíná ti ń jó kó ní àwọn ló dáná sun ilé.

Ohun tí metformin ń ṣe lóòótọ́, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru, pàápàá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tá a fi ń ní kẹ́ ẹ lò ó pẹ̀lú oúnjẹ. Tó bá pẹ́ lára ó lè dín fítámì B12 kù. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ láìdáa, ìyẹn ló yẹ kó sọ, ṣùgbọ́n ta ló máa rí owó nínú fídíò inú rírun?

TísàFẹ̀yìntì_Àkúrẹ́

Ọmọ mi, má dá màmá rẹ lẹ́bi jù. Èmi tí mo kọ́ ọmọ yín ní sáyẹ́ǹsì fún ọdún 31, ní August 2014 nígbà Ebola, àbúrò mi pè mí láti Èkó ní aago mẹ́ta òru, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde ẹ fi omi iyọ̀ wẹ̀, kẹ́ ẹ sì mu ún kílẹ̀ tó mọ́." Mo dìde. Mo wẹ̀. Mo mu ife méjì! Èmi tí wọ́n ti ní kí n má fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ torí bípí. Ìyàwó mi náà mu. Nígbà tílẹ̀ mọ́, orí mi ń lù kìkìkì, a dé ọsibítù a bá àwọn bíi tiwa tó ti tò síta. Ìwé ìròyìn gbé e lẹ́yìn náà pé àwọn kan kú torí omi iyọ̀ yẹn ní Jos, kì í ṣe Ebola ló pa wọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé mi ò mu ún torí pé mi ò gbọ́n. Mo mu ún torí àbúrò mi ló pè, ó sì ń sunkún.

Ọmọ_SS_Akin

Síkù sẹ́ẹ̀lì ni tèmi, fòníkúfọ̀ládìde tẹ́ ẹ máa ń pè é. Mo ti pé ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́ta. Mo fẹ́ sọ òdìkejì ọ̀rọ̀ díẹ̀.

Tí kò bá sí gúrúùpù tí mo wà, mi ò mọ̀ bóyá màá wà láyé. Ìrora bá mú èèyàn ní aago méjì òru, ta lẹ fẹ́ pè? Àwọn ará ilé ti sùn, ó sì ti rẹ̀ wọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn tí ìrora ń mú lóun náà á ní "ṣé o ti mu omi? bora, má jẹ́ kí òtútù mú ẹ, tó bá dé àyà tàbí o ò lè mí dáadáa má dúró dìgbà tílẹ̀ máa mọ́ o." Nígbà tí mo nílò ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ẹni tó wá fún mi. Ibẹ̀ náà ni mo ti gbọ́ nípa oògùn kan tó ń jẹ́ hydroxyurea, mo kọ orúkọ ẹ̀ sórí bébà mo gbé e lọ bá dókítà, ó wò mí ó ní ta ló sọ fún ẹ, mo ní àwọn ẹgbẹ́ mi ni. Ó ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ fún mi, ó ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè torí oògùn náà lè fa ẹ̀jẹ̀ funfun wálẹ̀. Látìgbà náà ìgbà tí ìrora ń dá mi dùbúlẹ̀ ti dín kù gan-an.

Àmọ́ nínú gúrúùpù yẹn náà ni ẹnì kan ti wá ta tíì tó ń sọ SS di AS. Tíì o! Tẹ́ ẹ ń fi omi gbígbóná pò! Ohun tó lè yí i padà ni pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun, wọ́n ṣe é ní Benin níbí ní 2011, owó ẹ̀ kì í ṣe owó tálákà. Ìtọ́jú jíìnì tí wọ́n fọwọ́ sí nílùú ọba àti Amẹ́ríkà ní òpin 2023 náà wà, ẹ má tiẹ̀ bèèrè iye ẹ̀. Obìnrin kan tí mo mọ̀ ra tíì yẹn fún ọmọ ẹ̀, ó já folic acid àti Paludrine tó ń dènà ibà sílẹ̀. Ibà ló wọlé wá.

Mi ò fẹ́ sọ bó ṣe parí.

Ìyá_Ìbejì_Ìjàpọ̀

@Ọmọ_SS_Akin ẹ pẹ̀lẹ́. Omi bọ́ lójú mi.

BabaElégbògi_Ìsìkàn

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè wá. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé ẹ rọra o. Ọ̀bàyéjẹ́ lẹ bá pàdé, ẹ wá ń ko gbogbo oníṣègùn mọ́ ọn. Bàbá tó bí mi kì í já ewé fún ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì fojú rí i, kó bi í ohun tó jẹ, kó bi í oògùn tó ń lò. Kò sí oníṣègùn gidi tó máa ní kẹ́ ẹ sanwó sí àkáǹtì kó tó mọ orúkọ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má ní ewé ò ṣiṣẹ́, ewúro ń fa ṣúgà wálẹ̀, ìyá mi ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí dókítà yín.

Oníkẹ́mísì_Alágbàka

Bàbá, mi ò bá yín jiyàn. Metformin gan-an, ara òdòdó kan tí àwọn ará Yúróòpù ń lò láyé àtijọ́ ni wọ́n ti rí ọgbọ́n ẹ̀. Oògùn ibà tá à ń lò báyìí náà, ewé àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n ti yọ artemisinin inú ẹ̀, obìnrin tó yọ ọ́, Tu Youyou, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé mo mọ iye tó wà nínú hóró kan, mi ò mọ iye tó wà nínú ife kan.

Ewúro tẹ́ ẹ sọ yẹn, torí pé ó lè ṣiṣẹ́ gan-an lẹ̀rù ẹ̀ ṣe ń bà mí. Ẹni tó ti lo glibenclamide, oògùn ṣúgà míì, láàárọ̀ tó tún wá da ife ewúro lé e lórí tí kò jẹun, ṣúgà ẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, òógùn á bò ó, ọwọ́ á máa gbọ̀n, òyì á kọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀, ṣúgà oníhóró mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni kẹ́ ẹ fún un, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún wò ó. Tí kò bá mọ ibi tó wà mọ́ ẹ má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu o, ọsibítù ni.

Ohun kejì, àwọn ìgò kan wà tí kì í ṣe ewé nìkan ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n máa ń lọ oògùn òyìnbó kan tó ń jẹ́ dexamethasone mọ́ ọn. Ara á kọ́kọ́ yá gágá, ẹ ó máa jẹun bí ìjẹun, ojú á wá wú, ṣúgà á sì fò lọ sókè. Ẹ óò ní oògùn náà ń jẹ́.

ỌmọYàbá_Oǹdó

Ẹ ṣé gan-an ni. @Oníkẹ́mísì, ohun tí màmá mi sọ fún mi ni pé ìgò náà ní nọ́ńbà NAFDAC, pé ìdí tí ọkàn àwọn ṣe balẹ̀ nìyẹn.

Oníkẹ́mísì_Alágbàka

Ẹ wo ìparí nọ́ńbà náà. Tó bá ní lẹ́tà L, wọ́n kàn kọ ọ́ sínú ìwé pé kò jọ ohun tó lè pa èèyàn ni, wọn ò ní ó ń wo nǹkan kan sàn. Ẹ ka ara ìgò náà dáadáa.

ỌmọYàbá_Oǹdó

Mo ní kí àbúrò mi ya fọ́tò ẹ̀. L ni. Wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀, lẹ́tà tó kéré ju èèrà lọ, pé NAFDAC ò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. Lédè Gẹ̀ẹ́sì.

FUTA_SouthGate

Mo ti wo fídíò yẹn, àbúrò yín ló fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin yẹn ò sí láyé yìí o 😂 AI, ọgbọ́n kọ̀ǹpútà, ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ wo ẹnu ẹ̀ tó bá pe "kíndìnrín", ètè ẹ̀ ò bá ohùn ẹ̀ mu. Ìka ọwọ́ ẹ̀ níbi tó ti gbé ìgò sókè, ẹ kà á. Àkáǹtì TikTok tí wọ́n ti gbé e jáde kò ní nǹkan míì lórí, wọ́n ti ti ibi tí èèyàn ti lè fèsì pa, nọ́ńbà WhatsApp nìkan ló wà níbẹ̀. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rí tí ibi ìfèsì ẹ̀ wà ní títì tí nọ́ńbà ìrajà sì ṣí sílẹ̀, ẹ ti mọ.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀nà_Ọ̀wọ̀

Inú mi ò dùn sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Kíníkì ṣúgà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá di ọjọ́ kíníkì, èèyàn á ti kún orí bẹ́ǹṣì láti aago mẹ́fà ààbọ̀, dókítà méjì, nígbà míì ẹyọ kan. Ìṣẹ́jú mélòó lẹ rò pé màmá kọ̀ọ̀kan ń rí? Dókítà á wo káàdì, á ní "Mama, your sugar is not controlled, continue your drugs," á kọ ọ́, ó tán. Màmá á ní ẹ ṣé dókítà. Tí wọ́n bá jáde síta wọ́n á wá bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, kí ni wọ́n sọ?" Èmi náà sì ní káàdì ogójì níwájú.

Wọ́n á délé, wọ́n á ṣí fóònù, ẹnì kan á kí wọn, "ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ fara balẹ̀," ìṣẹ́jú ogún gbáko, Yorùbá tó mọ́, á pa òwe fún wọn, á kí oríkì, á ní òun mọ̀ pé ó ti rẹ̀ wọ́n láti máa gbé oògùn mì lójoojúmọ́. Ta ni kí wọ́n gbà gbọ́? Opurọ́ ló ráyè fún wọn. Àwa tá a mọ òótọ́, Gẹ̀ẹ́sì là ń sọ, a sì ń kánjú.

TísàFẹ̀yìntì_Àkúrẹ́

Nọ́ọ̀sì, ẹ ò purọ́. Dókítà mi ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni, Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá mi sọ. Ìgbà tí mo kí i lédè wa, Gẹ̀ẹ́sì ló fi dá mi lóhùn.

Afẹ́fẹ́_Ò_Wọlé

Ikọ́ fée ni tèmi. Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ owó o, gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bíi pé àìgbọ́n ni. Látìgbà tí ilé iṣẹ́ oògùn GSK ti kó kúrò ní Nàìjíríà ní 2023 owó ínhélà tí mò ń lò ń fò lọ sókè, ìgbà míì owó wà ọjà ò sí. Gúrúùpù ni mo fi máa ń mọ kẹ́mísì tó ní in ní Àkúrẹ́ yìí àti iye tí wọ́n ń tà á. Ẹni tó bá ní òun ní ewé tó owó búrẹ́dì méjì tó máa wò ó sàn pátápátá, ẹ ò mọ bó ṣe ń dùn létí.

Ádímìn_ṢúgàÀtiBípí

Mo ń bójú tó gúrúùpù WhatsApp kan fáwọn tó ní ṣúgà àti bípí ní agbègbè Àkúrẹ́ yìí, kò tóbi. Ọdún méjì àkọ́kọ́ ṣe ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tì í pa, oníṣòwò ti kún un bíi Ọjà Ọba. Báyìí ẹni tó bá polówó ọjà, ó ti jáde nìyẹn, bó tiẹ̀ jẹ́ ìyá mi. Ẹni tó bá ní "ẹ já oògùn yín sílẹ̀," ó jáde. Èèyàn lè sọ ohun tó ṣe òun fúnra ẹ̀, "lisinopril tí mò ń lò fún bípí mú mi wúkọ́, dókítà pààrọ̀ ẹ̀ fún mi," ìyẹn dáa, ó ti ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ torí wọ́n ti ń mu oògùn ikọ́ lásán. "Amlodipine," oògùn bípí míì, "wú mi lẹ́sẹ̀" náà dáa, ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ wú á mọ̀ pé kóun lọ sọ fún dókítà, kì í ṣe kóun lọ já a sílẹ̀. Ìyàtọ̀ wà láàárín "ohun tó ṣe mí rèé" àti "ohun tí wàá ṣe rèé."

Fóísì nóòtì la máa ń lò. Àwọn màmá kì í ka lẹ́tà gígùn. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló máa ń sọ ọ́ ní alẹ́ Thursday, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré: èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe oògùn, òkèlè ni, ẹ wo bó ṣe pọ̀ tó nínú abọ́. Oyin náà, ṣúgà ni. Ọ̀rọ̀ oyin yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ 😄

ỌmọYàbá_Oǹdó

Mo ti ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé a ò gba fóònù. Màá padà wá sọ bó bá ṣe ń lọ.

ỌmọYàbá_Oǹdó (ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà)

Mo ti dé o. Ara màmá ti yá, ṣúgà wọn láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun ń wà ní bíi 130 sí 140, wọ́n ti padà sórí metformin, dókítà fi ínsúlíìnì alẹ́ kún un fún ìgbà díẹ̀ ná. Kíndìnrín wọn, a ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀, kò sí nǹkan kan.

Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tá a padà lọ sí kíníkì mo bá wọn wọlé. Bí dókítà ṣe kọ oògùn tán mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ lè fi Yorùbá sọ gbogbo ẹ̀ sínú fóònù màmá, èyí tí wọ́n máa lò láàárọ̀, èyí tí wọ́n máa lò lálẹ́, àti ọ̀rọ̀ kíndìnrín yẹn. Dókítà rẹ́rìn-ín, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ní Yorùbá òun ò já gaara o. Màmá ní "sọ ọ́ bó o ṣe mọ̀ ọ́n, ọmọ mi." Ó sọ ọ́. Ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀. Ó ń ta kókó, ó pe kíndìnrín ní "kídìnrín," ó wá bọ́ sí èdè Oǹdó nígbà tó rẹ̀ ẹ́, àṣé ọmọ Oǹdó ni! Màmá ti gbọ́ ọ tó ìgbà ogún. Wọ́n ń tún un gbọ́ bí orin.

Mo bi dókítà bóyá a lè fi han àwọn ẹlòmíì, ó ní ibi tó ti sọ ọ̀rọ̀ kíndìnrín nìkan, torí oògùn màmá kì í ṣe oògùn ẹlòmíì. Mo gé e. Màmá fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù tí wọ́n ti rí fídíò yẹn, wọ́n wá fi ohùn tiwọn sí i lábẹ́ ẹ̀, ní èdè Oǹdó, pé "èmi ni wọ́n gbé dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra ìgò náà ẹ lọ bá dókítà yín." Obìnrin mẹ́rin ló ti pè wọ́n ní ìdákọ́ńkọ́ látìgbà náà pé àwọn náà ti já oògùn sílẹ̀.

Ádímìn gúrúùpù yẹn yọ màmá kúrò láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ádímìn_ṢúgàÀtiBípí

😂😂😂 Ẹ fi nọ́ńbà màmá ránṣẹ́ sí mi ní ìdákọ́ńkọ́ jàre.